Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Sanwó Ọkọ̀ Ojú Òkun?

Láti ìgbà tí àwòrán èmi àti ìyá ilé wa ti jáde nínú ìwé yìí, níbi tí a dúró sí lórí ọkọ̀ ojú òkun, fóònù mi ò sinmi. Àwọn kan kí wa kú oríire. Àwọn tó pọ̀ jù béèrè iye tó ná wa. Àwọn mìíràn ní kí n bá àwọn bi Ifá léèrè ọjọ́ tó dára jù láti sanwó, bí àwọn náà bá fẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti Ifá, nítorí òun ló rọrùn jù. A dá Ifá sí ìrìn àjò náà kí ẹnikẹ́ni tó yọ kọ́bọ̀ kan. Ifá fọre, ó yan ẹbọ, a rú u. Odù tó jáde jẹ́ ti ilé wa, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n Ifá ò sọ fún mi pé kí n sanwó lọ́jọ́ Ẹtì kí n má san án lọ́jọ́ Ajé, èmi náà ò sì bi í. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ríran kàwé, tí bírò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Fún ẹni tí kò mọ ohun tí a ń sọ: ọkọ̀ yìí ò jọ ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ máa ń rí ní Àpápá. Ilé ìtura ńlá ni ó, orí omi ló kàn wà. Owó kan ṣoṣo lẹ máa san fún yàrá, oúnjẹ àti ìrìn. Lálẹ́ ẹ sùn, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ẹ ti dé ìlú mìíràn. Tiwa gbéra láti Southampton, èbúté tó wà ní gúúsù Ìlú Ọba, ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Oru méje ni. Ó gbé wa dé Vigo àti La Coruña ní Sípéènì, ó sì gbé wa dé Lisbon, olú ìlú àwọn Potogí, àwọn tó sọ Èkó wa di Lagos. (Láti Southampton náà ni Titanic ti gbéra ní oṣù Kẹrin ọdún 1912. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún ìyá ilé wa títí a fi padà dé Abẹ́òkúta.)

Ọmọbìnrin wa àgbà àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ní London, ló fẹ́ fi ṣe ìyá wọn lóore nígbà tó pé ọdún 65. Olórìṣà Yemọja ni ìyá wọn. Odò Ògùn ló mọ̀ láti kékeré, àfi òkun Èkó tó rí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni mo ti ní kí ọmọ náà máa ka iye owó ọkọ̀ fún mi lórí fóònù ní ọjọọjọ́ Àìkú, èmi a sì máa kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ kan náà tí mo ń kọ ohun ẹbọ àwọn aráàlú sí. Bí ẹ bá ṣí ìwé náà, ẹ ó rí i pé owó yìí kì í rin ọ̀nà kan. Ó lè wá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó gòkè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tún padà síbi tó wà. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì rí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye owó ló kọ́kọ́ fa àríyànjiyàn nínú ilé wa. Ọjọ́ ni. Nínú ìwé mi, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án jẹ́ £499 fún ẹnì kan, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà, ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá: £679. Ìyàtọ̀ £180 lórí orí kan. Àgbàlagbà mẹ́rin ni wá, £720 nìyẹn kí a tó ka àwọn ọmọdé. Kí ló fà á? Ilé-ìwé ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn làwọn ọmọ ilé-ìwé Ìlú Ọba máa ń gba ìsinmi, gbogbo òbí tó fẹ́ jáde á sì jáde pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìparí oṣù Karùn-ún, àsìkò Ọdún Àjíǹde, àti láti ìparí oṣù Keje títí dé ìparí oṣù Kẹjọ, èyí tó wọ́n jù lọ. Ẹ má sì rò pé ẹ lè yọ ọmọ kúrò ní kíláàsì wẹ́rẹ́ kí ẹ lè rí ọkọ̀ tó rọjú. Ní England, ìjọba ìbílẹ̀ lè bu owó ìtanràn lé òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan: £80 bí wọ́n bá san án láàrin ọjọ́ 21, £160 bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá ní, ó dáa, kí èmi àti ìyá wọn lọ ní oṣù Kẹsàn-án, kí àwọn ọmọ jókòó sí ilé-ìwé wọn. Ìyá ilé wa gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ kí n lọ wò ni, àbí ọmọ?"

Ọmọ-ọmọ méjì la ní níbẹ̀, ọ̀kan ọmọ ọdún 9, èkejì ọmọ ọdún 6. A lọ kí wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, òtútù mú, ilé-ìwé ni wọ́n sì wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Orí fóònù ni wọ́n ti mọ ìyá àgbà wọn jù. Wọn ò tíì rí i kó wọ aṣọ funfun kó dojú kọ omi rí. Ó ní òun ò mọ iye ọdún tí eékún òun ṣì máa fi gba àtẹ̀gùn. Mo padà lọ ka owó náà. £720 kì í ṣe owó kékeré, àwọn ọmọ ló sì máa san án, kì í ṣe èmi, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ọkọ ọmọ wa ní, "Ẹ jẹ́ kó wọ́n bẹ́ẹ̀, Bàbá." Oṣù Karùn-ún ò ṣeé ṣe, nítorí ìparí rẹ̀ ti sún mọ́ Ọdún Ifá ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ní Òkè Ìtasẹ̀ jù, babaláwo wo ni yóò wà lójú òkun nígbà náà? Oṣù Kẹjọ gbówó lórí kọjá àlà. Bí a ṣe mú oṣù Kẹwàá nìyẹn.

Ó wá ku ìgbà tí a máa gba àyè. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta ọdọọdún ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń pariwo ọjà wọn jù. Ọdún Kérésì ti parí, òtútù mú, ilẹ̀ tètè ń ṣú, àwọn òyìnbó sì ń wá oòrùn. Ẹ fi ojú tó mọ́ wo ariwo yẹn o. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye owó fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹ̀bùn ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn: ọtí ọ̀fẹ́, owó díẹ̀ láti ná nínú ọkọ̀, tàbí kí wọ́n dín owó àsansílẹ̀ kù. Ọtí ò kàn mí. Àsansílẹ̀ tó kéré ni mo ń ṣọ́, nítorí páásì Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ èmi àti ìyàwó mi. Bí wọn ò bá fún wa ní físà, àsansílẹ̀ ló máa ṣègbé, bó bá sì ṣe kéré tó ni ìpàdánù ṣe máa kéré tó. A sanwó náà ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ìdí kejì tí a ò fi dúró ni yàrá elénìyàn mẹ́rin. Nínú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹni kẹta àti ẹni kẹrin sábà máa ń san owó tó dín sí ti ẹni méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n yàrá náà ò pọ̀, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ tán ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi ilé-ìwé. Tọkọtaya tí kò ní ọmọ lọ́wọ́ lè fara balẹ̀. Ẹni tó ń kó ọmọ lọ kò lè dúró.

Ibi tí mo ń lọ gan-an la dé yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi mú bírò. Sípéènì àti Potogí wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo físà kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Schengen. Òfin wọn ni pé ènìyàn ò lè gbé ìwé rẹ̀ lọ ju oṣù 6 lọ ṣáájú ìrìn àjò. Fún wa, ìparí oṣù Kẹrin nìyẹn. Ìdáhùn máa ń jáde láàrin ọjọ́ 15, ó sì lè fà dé ọjọ́ 45, láìka ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi dúró kí wọ́n tó dá ọjọ́ fún yín láti wá. Ẹ yí i padà wàyí. Ìyókù owó ọkọ̀ wa gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ 90 kí ọkọ̀ tó gbéra, ìyẹn ìparí oṣù Keje. Láàrin ìparí oṣù Kẹrin sí ìparí oṣù Keje, oṣù mẹ́ta péré ni àyè tí a ní láti mọ ìdáhùn físà kí a tó kó gbogbo owó lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. A gbé ìwé wa lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún. Ìlú méjì tí a máa dé jẹ́ ti Sípéènì, ọ̀kan ṣoṣo jẹ́ ti Potogí, nítorí náà ọ̀dọ̀ Sípéènì la lọ, torí ibi tí ẹ máa lo ọjọ́ sí jù ni òfin ní kí ẹ lọ. Ní oṣù Kẹfà físà jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún ọmọ wa pé kó san ìyókù.

Ọjọ́ 90 yìí kì í ṣe ti gbogbo ọkọ̀ o. Àwọn mìíràn kéré sí i, àwọn mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye owó. Ẹ tún béèrè iye tí wọ́n máa yọ bí ẹ bá fagi lé e, nítorí bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́lé ni ohun tó máa bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ á ṣe máa pọ̀ sí i, títí tí kò fi ní ku nǹkan kan.

Ohun mìíràn tún wà. Físà Ìlú Ọba ọlọ́dún méjì ti wà lọ́wọ́ wa láti ìrìn ọdún 2024. Ẹni tí kò bá ní i rárá, tó sì fẹ́ wọ ọkọ̀ ní Southampton, wàhálà méjì ló ní, nítorí Ìlú Ọba kì í gba ìwé àbẹ̀wò ju oṣù 3 lọ ṣáájú ìrìn àjò. Ọjọ́ tí ẹ máa gbé ìwé yín lọ ni ọjọ́ tí ìyókù owó ọkọ̀ máa pé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó bá gbéra láti Barcelona ló máa dára fún un jù: físà kan, ìṣirò kan. Ní ti Amẹ́ríkà, ẹ fara balẹ̀ gan-an. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n sọ físà àbẹ̀wò ọmọ Nàìjíríà di ti oṣù 3 àti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ bá gbé ẹni tó ní irú físà bẹ́ẹ̀ kúrò ní Miami lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ìwọlé kan yẹn lè ti tán nígbà tó bá fẹ́ padà, ọkọ̀ tó rọjú jù lọ láyé ò sì lè mú un padà wá.

Arákùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Éjẹ́ńtì kan ní Èkó sọ fún un pé iye tí òun ń pè yìí máa tán lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì gba gbogbo owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Físà ò jáde. Wọ́n ní owó ò ṣeé dá padà. Nígbà tó mú ìwé ìsanwó rẹ̀ wá fún mi, kò sí orúkọ ọkọ̀ lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà kankan tí a lè fi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ọkọ̀. Ilé tó fi owó náà gbé dúró títí di òní, kò tíì kọjá lẹ́ńtẹ̀lì. Ẹ gba nọ́ńbà ìgbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gba owó yín, kí ẹ sì fúnra yín pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ láti mọ̀ bóyá orúkọ yín wà níbẹ̀. Kò sì sí ìdí láti san gbogbo owó kí ọjọ́ ìyókù tó pé.

Ẹ máa gbọ́ pé owó ọkọ̀ máa ń já wálẹ̀ bó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó gbéra. Òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Yàrá tó bá ṣófo lórí omi kò pa owó wọlé fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà wọ́n á tà á ní iyekíye. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń tà á fún? Ìyá arúgbó òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ìdajì wákàtí sí èbúté, tí páásì rẹ̀ ò nílò físà. Ọjà yẹn kì í ṣe tiwa. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti di ọmọ onílẹ̀ lọ́hùn-ún, tiyín ni. Ẹ rà á.

Ẹni tó bá sì ń fi náírà sanwó, kó má dúró de ẹ̀dínwó jàre. Nígbà tí oṣù Kẹfà ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, dọ́là kan ò tó ₦480 ní báńkì. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ó ti kọjá ₦1,400. Ẹ̀dínwó wo ni ọkọ̀ fẹ́ ṣe tó máa bo ìyẹn mọ́lẹ̀? Ẹ rántí pé àsansílẹ̀ máa ń de iye owó ní pọ́n-ùn, kì í dè é ní náírà. Ìyókù tí ẹ jẹ lè di ìlọ́po kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Iye tí wọ́n kọ síta náà kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà máa ń gba tíìpù fún àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí orí kọ̀ọ̀kan, ó sì sábà máa ń ju $15 lọ. Ẹni méjì, ọjọ́ méje, ó ti lé ní $210. P&O ti Ìlú Ọba ti fi tiẹ̀ sínú owó ọkọ̀ láti ọdún 2019, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó dà bíi pé ó wọ́n fi lè rọjú jù. Íntánẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, ọtí lọ́tọ̀, mọ́tò tó ń mú yín wo ìlú lọ́tọ̀. Ìnṣọ́ránsì tún wà: Schengen ò ní fún yín ní físà láìsí èyí tó tó €30,000 fún ìtọ́jú àìsàn, fún àwa àgbà ó sì máa ń wọ́n. Opó tàbí ẹni tó bá fẹ́ dá gba yàrá, wọ́n lè gba owó ẹni méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ wá ẹnì kejì nínú ẹgbẹ́.

Nítorí pé ọmọ ìṣẹ̀ṣe ni wá, mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: a ò lè tan àbẹ́là nínú ọkọ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ ju ohunkóhun sínú òkun láti orí rẹ̀, ìbáà ṣe obì. Wọ́n lè sọ ènìyàn kalẹ̀ ní èbúté tó kàn nítorí ìyẹn, owó á sì gbé. Odò Ògùn ni ìyá ilé wa ti ṣe gbogbo tirẹ̀ tán kí a tó lọ. Ní òwúrọ̀ kejì, nígbà tí a wà nínú agbami Biscay, tí ọkọ̀ ń mì, tí èmi di ọ̀pá mú, ó wọ funfun rẹ̀, ó mú àwọn ọmọ méjèèjì dání lọ síta. Ẹnu nìkan ló fi kí Yemọja. Ọmọ ọdún 6 béèrè bóyá omi yìí náà ni ti Abẹ́òkúta. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé Ògùn ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà, ọ̀sà ń wọ òkun. Látìgbà náà ni ọmọ náà ti ń kí ìyá àgbà rẹ̀ ní Yorùbá láràárọ̀.

Bahia ni ìyá ilé wa ń wí báyìí. Ó gbọ́ pé ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdọọdún, ọ̀pọ̀ èrò máa ń wọ funfun jáde lọ sí etí òkun ní Rio Vermelho, ní Salvador, láti kí Yemọja. Ọ̀nà kan wà tí mo ti rí. Ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá, nígbà tí òtútù bá ti ń mú ní Yúróòpù, àwọn ọkọ̀ kan máa ń kọjá láti ibẹ̀ lọ sí Brazil láti lo ìgbà ooru níbẹ̀, ní nǹkan bí oṣù Kẹta sí Kẹrin wọ́n á tún padà. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ, èrò wà, èrò ò sí, nítorí náà bí ẹ bá pín owó rẹ̀ sórí oru kọ̀ọ̀kan, ó sábà máa ń rọjú ju ti oru méje lọ. Ṣùgbọ́n kò ní gbé yín padà wá sílé o. Ẹ ó fi owó ọkọ̀ òfuurufú láti Brazil kún un, ẹ ó sì gba físà Brazil náà. Oṣù Kọkànlá sí ọjọ́ 2 oṣù Kejì jìnnà síra, ta ló máa gbà wá sílé fún oṣù méjì àti ààbọ̀? Lórí ìyẹn la ṣì ń jiyàn.

Mo ti kọ iye àkọ́kọ́ sínú ìwé àjákọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó wá rí mi ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá lẹ́yìn tí a bá ti bọ tán, kó sì mú páásì rẹ̀ dání, kí n lè wo ọjọ́ tí yóò parí.